Ọ̀pá Ọ̀rányàn, Ilẹ̀ Ìlà-Oòrùn, àti Ìgbàgbọ́ Wa

Ní ẹ̀gbẹ́ Malu Road, níbi tí Apápá ti kángun sí Ajégúnlẹ̀, ni mo ti ń kọ́ ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ Ilé-Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi kan li ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Kì íṣe ibi ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rárá. Àwọn tírélà tí ń ti èbúté Apápá bọ̀ a máa mi ilẹ̀ tìtì, ìgbà mìíràn sì wà tí a ní láti dẹ́kun ọ̀rọ̀ títí ọkọ̀ yóò fi kọjá. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn ẹgbẹ́ náà púpọ̀, nítorí pé Yorùbá, Ìgbò, Ùròbò, Ìṣẹ́kírì àti Ìjọ̀ ni nwọ́n jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà, tí nwọ́n sì ń yá ara wọn ní Bíbélì.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí íṣe olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga dìde, ó mú ìwé ìtàn Yorùbá ti Àlùfáà Samuel Johnson lọ́wọ́, ó sì wí pé, "Bàbá, ẹ ti kọ́ wa pé ilẹ̀ Ìlà-Oòrùn ni àwọn baba wa ti wá, pé ó ṣeéṣe kí nwọ́n ti mọ Krístì kí nwọ́n tó dé Ifẹ̀, àti pé lẹ́tà Hébérù wà lára Ọ̀pá Ọ̀rányàn. Nísisìyí mo ń gbọ́ pé àwọn tí ó wa ilẹ̀ Ifẹ̀ kò rí ohun tí ó jọ bẹ́ẹ̀. Bí a bá ní láti jọ̀wọ́ èyí, kí ni yóò dá wa lẹ́kun kí a má jọ̀wọ́ ìyókù?" Kí n tó dáhùn, ìyá kan tí íṣe ọmọ Ìgbò ti gba ọ̀rọ̀ náà: "Bàbá, àwọn tiwa náà ń wí pé ọmọ Ísírẹ́lì ni wá. Ta ni yóò wá fi àyè sílẹ̀ fún ẹnìkejì?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín dénú, nítorí pé ohun tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà sọ, èmi ni mo kọ́ ọ, láti inú ìwé àkọsílẹ̀ tí mo ṣe nígbàtí mo wà ní kọ́lẹ́jì, tí n kò sì tún yẹ̀ wò láti ìgbà náà wá. Èsì tí mo jẹ ní gbèsè li ọjọ́ náà ni mo fẹ́ san níhìn-ín, níwájú ẹ̀nyin òǹkàwé tí ẹ̀nyin pẹ̀lú ń kọ́ ọmọ ẹlòmíràn.

A kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ rọ́ Samuel Johnson sẹ́hìn bí ẹni rọ́ ọmọdé. Ilẹ̀ Sàró ni a ti bí i li ọdún 1846, láti ọ̀dọ̀ òbí tí a gbà lọ́wọ́ oko ẹrú. Ìbàdàn ni ó dàgbà sí, ojú rẹ̀ sì rí ogun. Nígbà ogun Kírìjì òun jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ń gbé ọ̀rọ̀ àlàáfíà lọ bọ̀ láàrin Aláàfin, àwọn balógun àti Gómìnà Èkó, títí a fi fi ọwọ́ sí ìwé àdéhùn li ọdún 1886. Nígbàtí ó di olùṣọ́-àgùntàn li Ọ̀yọ́, ó jókòó ti àwọn arọ́kin, ó ń gbọ́, ó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí ẹ̀rù ń bà á pé bí àwọn àgbà ti ń kú, ìtàn ń bá wọn lọ. Ó parí ìwé rẹ̀ li ọdún 1897. Ìwé àfọwọ́kọ náà sọnù lọ́wọ́ àwọn tí a fi rán sí ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òun sì kú li ọdún 1901 láì fi ojú rí i ní títẹ̀. Arákùnrin rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, tún un kọ láti inú àwọn àkọsílẹ̀ tí ó kù. Nígbàtí ó sì fi ránṣẹ́ li ọdún 1916, àwọn ará Jámánì gba ọkọ̀ Appam tí ó gbé e lójú òkun, nwọ́n sì darí rẹ̀ lọ sí Amẹ́ríkà. Dókítà pẹ̀lú kú li ọdún 1920. Li ọdún 1921 ni ìwé jáde. Ẹni tí ó bá ti kọ ìwé rí, kí ó ro èyí wò kí ó tó máa ráhùn pé ilé ìtẹ̀wé fi nǹkan òun falẹ̀.

Nínú orí kìíní ìwé náà ó sọ ohun tí àwọn àgbà sọ fún un: pé Lámúrúdu jẹ ọba ní Mẹ́kà, pé Odùduwà ọmọ rẹ̀ padà sí ìbọ̀rìṣà, pé ogun àwọn Mùsùlùmí lé wọn jáde, òun sì rìn títí ó fi dé Ilé-Ifẹ̀. Johnson kò gba ti Mẹ́kà gbọ́. Ó rí i pé ìtàn àwọn Lárúbáwá kò mọ irú ọba bẹ́ẹ̀, ó sì wòye pé li ẹnu àwọn àgbà, Mẹ́kà kì íṣe ìlú kan bí kò ṣe orúkọ fún gbogbo ìhà tí oòrùn ti ń là. Ìwòye ọlọgbọ́n ni èyí, ì bá sì ti dára bí ó bá dúró níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó ti yọ wá kúrò ní Mẹ́kà tán, ó kó wa lọ sí apá òkè Íjíbítì àti Núbíà. Ó wo ère òkúta Ifẹ̀ tí ó wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù, ó ní nwọ́n jọ ti àwọn ará Íjíbítì. Ìdì, ohun mímọ́ tí a dì tí a sì ń bọ̀wọ̀ fún ní Ifẹ̀, èyí tí àwọn kan ń pè ní Kùránì, ó ní ó sàn kí a gbà pé ìwé-kíká Ìwé Mímọ́ ni. Nítorí ìtàn ìṣẹ̀dá, ti ìkún-omi, àti ti ọmọ Mọ́remí tí ó gbọ́ lẹ́nu àwọn ènìà, ó ní àwọn baba wa lè ti jẹ́ Krístẹ́nì Kọ́ptì nígbà kan rí, kí nwọ́n tó gbàgbé.

Mo mọ òùngbẹ tí ó gbẹ ọkùnrin yìí. Ó ń wàásù fún ènìà tí ń dá a lóhùn pé ẹ̀sìn òyìnbó ni ó gbé wá. Àwọn òyìnbó kan, ní apá kejì, sì ń wí pé ènìà dúdú kò ní ìtàn. Bí ó bá lè fi hàn pé àwọn baba ti ní Ìwé náà lọ́wọ́ rí, ó ti dá àwọn méjèèjì lóhùn pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan: ìgbàgbọ́ kì íṣe àlejò mọ́, ilé ni ó padà wá. Ta ni nínú wa tí kò fẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀? Ní Ajégúnlẹ̀ di òní, mo ṣì ń gbọ́ gbólóhùn "ẹ̀sìn òyìnbó" lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ tí ó kàwé, ìdí náà sì ni èmi fi di ẹ̀kọ́ Johnson mú ṣinṣin láì bi í léèrè.

Ẹ jẹ́ kí a bi í nísisìyí. Níbo ni àwọn àgbà tí ó sọ ìtàn Lámúrúdu fún Johnson ti gbọ́ ọ? Muhammad Bello, ọmọ Uthman dan Fodio, Sùltáánì Sókótó, ti kọ ọ́ nínú ìwé rẹ̀ pé àwọn ará Yárúbà jẹ́ ìyókù àwọn ọmọ Kénáánì, ẹ̀yà Nímúródù, tí a lé kúrò ní ilẹ̀ Árábíà. Clapperton gbé ẹ̀dà ọ̀rọ̀ náà bọ̀ láti Sókótó, a sì tẹ̀ ẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù li ọdún 1826. Johnson ka ìwé yìí. Ó tilẹ̀ tọ́ka sí i gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí tí ó ti ohun tí àwọn arọ́kin wí lẹ́hìn. Ẹ pe orúkọ Nímúródù li ẹ̀ẹ̀mẹta kí ẹ sì gbọ́ bí ó ti ń di Lámúrúdu. Ìsìn Mùsùlùmí ti wà ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí a tó bí Johnson, àwọn ààfáà sì mọ ìtàn Íbúráhímù àti baba rẹ̀ tí ń gbẹ́ ère, èyí tí ó jáde pẹ̀lú orúkọ Búráímà nínú ìtàn Odùduwà kan náà. Nítorínáà ohun tí Johnson rò pé ẹlẹ́rìí méjì ni, ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo ni. Láti inú ìwé ni ọ̀rọ̀ ti bọ́ sí ẹnu, láti ẹnu ni ó sì ti padà bọ́ sí inú ìwé. Èmi kò wí pé irọ́ ni àwọn arọ́kin pa. Nwọ́n mọ orúkọ ọba wọn àti ogun tí olúkúlùkù jà. Ṣùgbọ́n nígbàtí a bá bi ènìà léèrè ibi tí ìpìlẹ̀ aiyé rẹ̀ wà, a máa dáhùn pẹ̀lú ọlá tí ó mọ̀, ní ìgbà náà sì rèé, ìlà-oòrùn ni ọlá wà.

Ọ̀pá Ọ̀rányàn wá ń kọ́? Ó dúró ní Ilé-Ifẹ̀ títí di òní, òkúta akọ tí gíga rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 18, pẹ̀lú ìṣó irin tí a gbá mọ́ ọn lára. Johnson kọ ọ́ pé ìṣó 61 wà ní ọ̀wọ́ àárín, 31 li ọ̀tún, 31 li òsì. Ó rò pé iye ọdún tí Ọ̀rányàn lò láyé àti iye tí ó lò lórí oyè ni nwọ́n ń kà. Àmì kan tí a gbẹ́ síbẹ̀ ni ó pè ní lẹ́tà ìgbàanì méjì, Réṣì àti Yódì, èyí tí ẹ̀nyin mọ̀ láti inú Sáàmù 119, ó sì ní orúkọ Ọ̀rányàn ni nwọ́n dúró fún. Èmi fúnra mi lọ síbẹ̀ nígbàtí mo jẹ́ ọ̀dọ́ àlùfáà, mo fi ìka tọ òkúta náà, mo sì rí Réṣì àti Yódì kedere. Mo rí wọn nítorí pé mo gbé wọn sójú lọ. Ẹni tí ó bá gbé lẹ́tà Gíríkì lójú lọ yóò rí ti Gíríkì. Ohun tí n kò bi ara mi léèrè li ọjọ́ náà nìyí: àwọn ènìà tí ó mọ ìwé a ha máa kọ lẹ́tà méjì péré sí ara òkúta kan, kí nwọ́n sì pa ẹnu mọ́ títí láé bí? Ẹni tí ó mọ̀wé a máa kọ ọ́ sí ara ìkòkò, sí ibojì, sí ara ògiri. A ti wa àpáàdì tí àwọn ará Ifẹ̀ ìgbàanì fi tẹ́ ilẹ̀ àgbàlá wọn, èyí tí ó pọ̀ jọjọ, a sì ti wa ère amọ̀ sísun, kò sì sí lẹ́tà kankan lára wọn.

Lẹ́hìn Johnson àwọn mìíràn rìn jìnnà jù ú lọ. Olóyè ìjọ wa kan, Akídíákónì J. Olumide Lucas, tẹ ìwé ńlá kan jáde li ọdún 1948 lórí ìsìn àwọn Yorùbá, nínú èyí tí ó ti ń wá orúkọ òrìṣà wa kiri nínú èdè Íjíbítì. Ní ti ìyá ọmọ Ìgbò tí ó fi wá rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ pẹ̀lú ní baba: Olaudah Equiano ti fi àṣà ènìà rẹ̀ wé ti àwọn Júù nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù li ọdún 1789. Òùngbẹ kan náà ni.

Wàyí o, kí a wá sí ohun tí ilẹ̀ wí nígbàtí a wà á. Li ọdún 1910 ọ̀mọ̀wé ará Jámánì kan tí à ń pè ní Leo Frobenius dé Ilé-Ifẹ̀. Ní Igbó Olókun ó rí orí kan tí a fi idẹ rọ, tí ẹwà rẹ̀ yà á lẹ́nu. Kò lè gbà pé baba àwọn tí ó rí yí i ká li ó rọ ọ́. Ó ní àwọn ará Gíríkì ìgbàanì tí ó gba ojú òkun wá ni nwọ́n tẹ ibẹ̀ dó, ó sì pè é ní Atlantis tí ó sọnù. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì mú kí ó dá ọ̀pọ̀ nínú ohun tí ó kó padà, ṣùgbọ́n ìtàn Atlantis ti lọ sí inú ìwé. Ẹ̀nyin ará, ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níhìn-ín, nítorí ibi yìí ni ọ̀ràn náà ti gún mi li ọkàn. Johnson fẹ́ràn àwọn ènìà rẹ̀. Frobenius kò rí wọn bí ohun kan. Síbẹ̀ àwọn méjèèjì dé ìparí kan náà: ohun tí ó dára ní Ifẹ̀, ẹlòmíràn li ó gbé e wá. Ohun tí òyìnbó náà sọ nínú ẹ̀gàn, àwa àlùfáà ti ń sọ ọ́ nínú ìfẹ́, a kò sì mọ̀ pé òkúta kan náà ni a jọ ń jù sí ilé baba wa.

Li ọdún 1938 àwọn òṣìṣẹ́ tí ń wa ìpìlẹ̀ ilé li agbolé Wúnmọníjẹ̀, nítòsí ààfin Ọọ̀ni, ṣe alábàápàdé àwọn orí idẹ mìíràn, tí ó ju mẹ́wàá lọ. Li ọdún 1957 ère mìíràn yọ ní Ìta Yemòó níbi tí a ti ń tún ilẹ̀ ṣe fún ilé kíkọ́, Frank Willett sì wa ibẹ̀ pẹ̀lú sùúrù, ó ń kọ ipò tí ohun kọ̀ọ̀kan wà sílẹ̀. Àwọn awalẹ̀pìtàn, èyíinì ni àwọn tí iṣẹ́ wọn íṣe láti wa ilẹ̀ kí nwọ́n lè mọ ìtàn, ti fi ọgbọ́n ìwọ̀n wọn díwọ̀n ọjọ́ orí iṣẹ́ ọnà wọ̀nyí sí àárín ọ̀rúndún kejìlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún lẹ́hìn ìbí Olúwa wa. Ní ìgbà náà Gíríkì ìgbàanì àti àwọn Fáráò ti di ìtàn tipẹ́tipẹ́. Kì íṣe pé ọlọ́nà kan ṣàdédé dé ní ọjọ́ kan. Ère amọ̀ sísun pọ̀ ní ìlú náà lóríṣiríṣi, ojú wọn sì jọ ti idẹ, bí iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ ti ń jọ ti baba.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rí tí ó dùn mọ́ mi jù ni ti ìlẹ̀kẹ̀. Li ọdún 2011 àti 2012, ọmọ ilẹ̀ wa kan, Dókítà Abidemi Babalola, wa ilẹ̀ ní Igbó Olókun gan-an, igbó tí Frobenius ti ń wá Gíríkì. Ó rí ìlẹ̀kẹ̀ tí ó ju 12,000 lọ, pẹ̀lú àfọ́kù ìkòkò tí a fi ń yọ́ dígí àti dígí tí ó dà sílẹ̀ níbi iṣẹ́. Nígbàtí a yẹ ohun tí ó wà nínú dígí náà wò, a rí i pé irú rẹ̀ kò jọ ti Íjíbítì, kò jọ ti Lárúbáwá, kò sì jọ ti Yúróòpù; ohun tí ó wà nínú ilẹ̀ àdúgbò ni nwọ́n fi yọ́ ọ, láti bí ọ̀rúndún kọkànlá wá. Sẹ̀gi tí àwọn ọba wa ń lò, tí a máa ń rò pé ojú òkun tàbí aṣálẹ̀ nìkan li ó lè gbé irú rẹ̀ wá, àwọn ará Ifẹ̀ ní iná àti ọgbọ́n tí nwọ́n fi ṣe ti wọn. Ní ti bí ènìà ti pẹ́ tó ní ilẹ̀ yìí, Thurstan Shaw wa ihò àpáta Ìwó Elérú nítòsí Àkúrẹ́ li ọdún 1965, ó rí egungun ènìà tí ó ti ju 11,000 ọdún lọ. Egungun kò lè sọ èdè tí ó ń sọ, n kò sì ní pè é ní Yorùbá; ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tí ó bá wí pé aginjù ni ilẹ̀ yìí títí ẹnìkan fi ti ìlà-oòrùn dé, egungun náà ti dá a lóhùn.

Èdè pẹ̀lú jẹ́rìí. Èyí ni mo fi han ẹgbẹ́ mi li ọ̀sẹ̀ kejì, láìlo ìwé kankan. Mo ní kí ìyá náà pe ẹnu àti etí li èdè Ìgbò, ó sì wí pé ọnụ, ntị. Mo ní kí ará Ìṣẹ́kírì ka ení, èjì dé ẹ̀wá, kò sì parí kí àwọn Yorùbá tó máa bá a kà á. Ẹbí wa nínú èdè wà lórí bẹ́ǹṣì náà pẹ̀lú wa. Kò sí ìdí láti wá wọn lọ sí etí odò Náílì.

Síbẹ̀ n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé àlá lásán ni Johnson lá. Nípa Núbíà, ohun tí ó ń nawọ́ sí wà ní tòótọ́, bí kò tilẹ̀ jẹ́ tiwa nípa ẹ̀jẹ̀. Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì, orí kẹjọ, sọ ti ìwẹ̀fà kan, ìjòyè lábẹ́ Kándákè ọbabìnrin àwọn ará Etíópíà. Etíópíà tí ibẹ̀ ń wí ni ìjọba Kúṣì, tí olú ìlú rẹ̀ ń jẹ́ Méróè, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Súdánì lónìí; Kándákè kì íṣe orúkọ àbísọ bí kò ṣe oyè, a sì ti rí àwọn ọbabìnrin tí ó jẹ oyè náà nínú àkọsílẹ̀ ara òkúta. Li ọdún 1910, ọdún kan náà tí Frobenius dé Ifẹ̀, John Garstang wa ilẹ̀ ní Méróè, ó sì rí orí idẹ Késárì Ògọ́sítù tí a sin sí abẹ́ ẹnu ọ̀nà ilé kan, kí àwọn ènìà lè máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ìjọba tí ó lè tẹ orí Késárì mọ́lẹ̀ kì íṣe ìjọba kékeré, Lúùkù sì mọ ohun tí ó ń wí nígbàtí ó pe ìránṣẹ́ rẹ̀ ní ènìà ọlá.

Ní ọ̀rúndún kẹfà, àwọn ìjọba Núbíà di Krístẹ́nì. Nígbàtí a fẹ́ ṣe ìdídò ńlá ti Aswan, tí omi yóò sì bo ilẹ̀ náà mọ́lẹ̀, àwọn ará Pólándì wa ilẹ̀ ní Faras láàrin ọdún 1961 sí 1964, nwọ́n sì bá kàtídírà kan tí iyanrìn ti bò, àwòrán tí ó ju ọgọ́rùn-ún lọ sì wà lára ògiri rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ti Bíṣọ́ọ̀pù Pétérù, ènìà dúdú, tí Pétérù Àpọ́sítélì dúró lẹ́hìn rẹ̀. Òpin ọ̀rúndún kẹwàá ni ó jẹ bíṣọ́ọ̀pù. A fi Àjàyí Crowther joyè bíṣọ́ọ̀pù li ọdún 1864. Ẹ̀nyin olùkọ́, ẹ ṣírò rẹ̀ fún àwọn ọmọ yín: ó kù díẹ̀ kí ó pé ẹgbẹ̀rún ọdún tí ènìà dúdú ti ń jókòó li àga bíṣọ́ọ̀pù ní Áfríkà. Ìdáhùn tí Johnson ń wá fún ẹni tí ń pe ìgbàgbọ́ ní ẹ̀sìn òyìnbó wà nínú iyanrìn Faras ní gbogbo àkókò náà. A kò tíì wa ibẹ̀ nígbà ayé rẹ̀ ni. Kò sì sí ìdí tí ó fi gbọdọ̀ jẹ́ pé Bíṣọ́ọ̀pù Pétérù bí wa kí ó tó lè ṣe wá li ànfààní.

Ẹnìkan yóò wí pé, bí ilẹ̀ wíwà bá ṣe Bíbélì lóore báyìí, kí a jẹ́ kí ó jẹ́ òpó wa. Mo kìlọ̀ fún un. Garstang kan náà tí ó wa Méróè lọ sí Jẹ́ríkò láàrin ọdún 1930 sí 1936, ó rí odi tí ó wó, ó sì kéde fún aiyé pé odi tí ó wó níwájú Jóṣúà nìyí. A wàásù rẹ̀ káàkiri. Li ọdún 1952 Kathleen Kenyon bẹ̀rẹ̀ sí tún ibẹ̀ wà pẹ̀lú ọgbọ́n tí ó jinlẹ̀ jù, ó sì rí i pé odi náà ti wó ní bí ẹgbẹ̀rún ọdún kí ó tó di ìgbà Jóṣúà. Ẹni tí ó ti so ìgbàgbọ́ rẹ̀ mọ́ odi Garstang, ojú rẹ̀ rí nǹkan li ọdún náà. Odi Garstang fún àwọn oníwàásù Gẹ̀ẹ́sì ni Ọ̀pá Ọ̀rányàn jẹ́ fún èmi.

Ohun tí òkúta lè ṣe, ó ń ṣe é dáradára. Ìwé Àwọn Ọba Kejì wí pé Heseká ya omi wọ inú ìlú. Li ọdún 1880 àwọn ọmọdékùnrin tí ń wẹ̀ nínú ihò omi Sílóámù rí àkọsílẹ̀ Hébérù lára ògiri rẹ̀, tí ó sọ bí àwọn tí ń gbẹ́ ihò náà láti apá méjì ti pàdé láàrin. Li ọdún 1961 a rí òkúta kan ní Kesaríà tí orúkọ Pọ́ńtíù Pílátù wà lára rẹ̀ pẹ̀lú oyè rẹ̀. Nítorínáà Heseká wà, Pílátù wà, ihò omi wà. Òkúta Kesaríà kò sì lè sọ fún wa bí Ẹni tí Pílátù dá li ẹjọ́ jíǹde ní ọjọ́ kẹta. Kò sí ọkọ́ tí ó lè wa ìyẹn jáde. Ẹ̀rí ènìà ni ó ń gbé e, àwọn tí ó wí pé àwọn rí i, tí nwọ́n sì kú nítorí rẹ̀.

Nípa Mọ́remí, mo gbọ́dọ̀ sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀, nítorí ó wà nínú ìwé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wa. Ó jẹ́jẹ̀ẹ́ fún odò Ẹsinmìrìn, ó jẹ́ kí ọ̀tá mú òun, ó mọ àṣírí àwọn tí ń fi ìko bora, ó sá padà, Ifẹ̀ sì fi iná ṣẹ́gun. Odò béèrè Olúorogbo, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo. Johnson wí pé ìtàn Jẹ́fútà àti ti Màríà Wúńdíá li ó dàpọ̀ mọ́ra wọn. Èmi náà ti wí bẹ́ẹ̀ lórí pẹpẹ. Nísisìyí mo rò pé a ṣẹ̀ sí obìnrin náà. Kò yá ìrora rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí ìtàn rẹ̀ bá mú kí ọkàn ará Ifẹ̀ ṣí sílẹ̀ nígbàtí ó gbọ́ ti Baba tí ó fi Ọmọ rẹ̀ lélẹ̀, ó ti tó, Àlùfáà E. M. Lijadu ti Oǹdó, tí ó kọ́ Ifá lọ́dọ̀ àwọn babaláwo kí ó tó kọ ìwé lórí rẹ̀ nígbàtí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ń parí, ti mọ̀ pé a lè gbọ́ ohun tí àwọn baba wí láì kọ́kọ́ sọ wọ́n di ará Íjíbítì.

A sì ní ìtàn ti wa, tí ó ní ọjọ́ àti ọdún. A kó Àjàyí li ẹrú li Òṣogùn li ọdún 1821. Li ọdún 1846, nígbàtí ó ti di àlùfáà, ìyá rẹ̀ Àfàlá rí i ní Abẹ́òkúta lẹ́hìn ọdún 25, nwọ́n di ara wọn mú, nwọn kò lè sọ̀rọ̀. Li ọdún 1848 a rì í bọmi, a sì sọ ọ́ ní Hánà. Ọmọ rẹ̀ li ó kọ ọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí mo ń kó láti Mẹ́kà àti Núbíà wá fún àwọn olùkọ́ mi, n kò tíì ka èyí fún wọn rí.

Mo kà á fún wọn li ọ̀sẹ̀ kẹta. Mo kọ́kọ́ fi ìwé àkọsílẹ̀ mi ti kọ́lẹ́jì hàn wọ́n, mo sì fa ìlà gba ojú ewé Ọ̀pá Ọ̀rányàn kọjá níwájú wọn, mo ní, "Èmi li mo kọ́ yín li ẹ̀kọ́ yìí, mo ṣìnà." Ọ̀dọ́mọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀." Mo ní kí ó dìde kí ó ka Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí kẹjọ fún wa. Ó kà á dé ibi tí Fílípì ti sáré bá kẹ̀kẹ́ náà, tí ó sì gbọ́ tí ìwẹ̀fà ń ka Ìwé Àìsáyà. Tírélà kan ń kọjá lójú ọ̀nà. A dúró kí ó lọ tán.